Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: áńpù gìtá tí mo rà sílé

Gìtá tí mo ń ta lálaalẹ́ báyìí, bàbá mi ló ni ín. Wọ́n fi í ṣeré jùjú káàkiri òde ìnáwó ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí n tó dáyé, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí àwọn ìka wọn fi le. Nígbà tí wọ́n pa ipò dà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti aṣọ òfì ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń sọ. Èmi ní gìtá ni kí wọ́n gbé fún mi. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi fún ọdún 10. Mo ti pé 44 báyìí, àdìrẹ ni mò ń tà ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, àwọn ọmọ mi ti ń dàgbà, mo sì sọ fún ara mi lọ́dún tó kọjá pé bí mi ò bá kọ́ ọ nísinsìnyí, ìgbà wo ni mo fẹ́ kọ́ ọ?

Mo wá olùkọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá Àṣẹ́rò. Ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yóò kọ́ mi fún wákàtí kan, èmi náà yóò sì máa dá a ṣe ní alẹ́ títí yóò fi padà wá.

Ṣùgbọ́n gìtá oníná ni gìtá bàbá mi. Ẹni tó bá ta gìtá oníná láìsí áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, mọ ohun tí mò ń sọ: ṣe ló ń dún ṣín-ṣín bí ẹni tó ń fi èékánná ta eyín ìlarun. O ò ní mọ̀ bóyá ìka rẹ ń tẹ okùn dáadáa tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe kékeré kò ní hàn, ohun rere pàápàá kò ní hàn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Mo ra wáyà, mo kì í bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ orin tó wà ní pálọ̀. Ó dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́. Olùkọ́ mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Sípíkà tí wọ́n ṣe fún orin àti fíìmù máa ń gbé gbogbo ohùn jáde, látorí èyí tó nípọn títí dé èyí tó tín-ín-rín jù lọ. Sípíkà gìtá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun máa ń gé ohùn òkè tó ń gún etí yẹn kúrò, ohun tó kù ló sì ń di ohùn gìtá tí a mọ̀. Áńpù wà lára ohun èlò náà gan-an. Ìdajì ohùn gìtá bàbá mi wà nínú àpótí kan tí mi ò ní.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wá àpótí. Kọ́ńbò ni wọ́n ń pe èyí tí ẹ̀rọ àti sípíkà rẹ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo, òun ló sì bá ilé mu.

Ibí ni mo ti ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo rí tòkunbọ̀ ńlá kan lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ẹrù òkè òkun. Áńpù dúdú, awọ ara rẹ̀ ti bó díẹ̀, sípíkà ínṣì 12. Ó ní, "Mọ́mì, ojúlówó Amẹ́ríkà nìyí, ẹ wo bó ṣe wúwo." Mo bi í bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Mọ́mì. Iná ni kò sí, ǹ bá tàn án fún yín." Mo san ₦45,000, mo fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e délé ní Ìjẹmọ̀.

Iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́. Iná pupa iwájú rẹ̀ tàn, ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbọ́ tí inú rẹ̀ ń kùn hùnnn bí oyin inú ìkòkò. Kí n tó na ọwọ́ padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, òórùn rọ́bà jíjó ti gba pálọ̀, èéfín tín-ín-rín kan sì ń rú jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀. Gìtá wà lórí itan mi, mi ò tíì ta okùn kan ṣoṣo.

Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Kútọ̀. Wọ́n tú u, wọ́n pè mí súnmọ́, wọ́n fi ìdí ìtúdè tọ́ka sí ibì kan lẹ́yìn àpótí. "Ọmọ mi, ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ síbí?" 120V, 60Hz. Iná tiwa níbí, 230 sí 240 fóòtì ni. Ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ṣe áńpù náà fún ni mo rọ sínú rẹ̀. Wọ́n wá fi fíúùsì rẹ̀ hàn mí. Fíúùsì tí ì bá já kó sì gba gbogbo rẹ̀ là, ẹnì kan ti yọ ọ́ tipẹ́, ó ti fi wáyà bàbà dí ojú ibẹ̀. Tìráńsífọ́mà ti jó di dúdú. Bàbá ní ká ní mo ti ra sítẹ́pù-dáànù sí i ni, tó máa ń fa iná 240 sílẹ̀ sí 120, wàhálà kankan kì bá sí. Nígbà tí mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní iná ilé wa ló lágbára jù.

Ó dùn mí wọra, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìtòkú mọ̀ pé bí oníbàárà tó gbọ́n bá gbé àdìrẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń yí wò. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, aró rẹ̀ máa ń wọ inú òwú dé ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ lójú lásán, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yí i wò. Mo wá ra ẹ̀rọ láìyí i wò.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ní láti sọ nìyẹn. Ẹ yí i wò. Bí ẹ bá rí 120V nìkan, ó nílò sítẹ́pù-dáànù tó tó agbára rẹ̀ gbé, kí ẹ fi owó ìyẹn kún owó rẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Bí ẹ bá rí 230V tàbí 240V, ó bá tiwa mu. Bí ẹ bá rí 100–240V lára adápítọ̀ rẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Kí ẹ sì má ra áńpù níbi tí iná kò sí. Ẹ padà wá lọ́la.

Ọ̀rọ̀ wáàtì, ìyẹn ìwọ̀n agbára áńpù, ló tẹ̀ lé e, òun ló sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n ra 50 tàbí 100, pé èyí tó kéré kò ní lágbára. Ṣùgbọ́n etí ọmọ ènìyàn kì í ka wáàtì bí a ṣe ń ka owó. Bí ẹ bá fi áńpù wáàtì 20 pààrọ̀ ti wáàtì 10, kò ní dún ní ìlọ́po méjì rárá, díẹ̀ báyìí ni yóò fi lé. Kí etí tó gbọ́ ariwo bí ìlọ́po méjì, wáàtì náà gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po 10. Wáàtì 10 tó láti jí gbogbo ojúlé wa.

Àwa sì nìyí: ìyá ọkọ mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, yàrá wọn ló kan pálọ̀, ògiri kan ló wà láàárín wa. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń ráyè, lẹ́yìn tí mo bá ti ọjà dé tí a ti jẹun, tí àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí mo bá ra áńpù wáàtì 100, ibi tí mo máa yí i dé kò ní kọjá orí ààmì àkọ́kọ́ títí ayé. Ọ̀pọ̀ áńpù ńlá ni kò sì dùn níbẹ̀: ẹ yí i díẹ̀, kò dún, ẹ fi irun orí kan kún un, ó bú gbàmù. Nítorí náà, ìbéèrè tí mò ń bi ara mi yí padà. Mi ò wá bí yóò ṣe pariwo tó mọ́, bí yóò ṣe dùn nígbà tí kò pariwo ni mò ń wá.

Mo gbé gìtá mi dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́. Gìtá tèmi gan-an ni mo gbé o, torí gìtá ṣọ́ọ̀bù kò ní bá mi délé. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mọ gìtá ta púpọ̀, ó sì fẹ́ fi hàn mí. Ó yí gbogbo kókó áńpù kan sókè, ìka rẹ̀ ń sáré, ilẹ̀ ń mì. Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Yí i wálẹ̀." Ó yí i wálẹ̀. Mo ní, "Wálẹ̀ sí i." Ó wò mí. Mo ní, "Wálẹ̀ débi tí èmi àti ìwọ á lè máa sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè." Ibẹ̀ ni mo ti gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo jókòó.

Mo ta okùn tó nípọn jù, mo jẹ́ kó dún tán pátápátá, mo ń fetí sí àpótí bóyá nǹkan kan ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nínú rẹ̀. Mo yí kókó kọ̀ọ̀kan lọ, mo yí i bọ̀. Èyí tó bá ń ṣe kùrù-kùrù bí a ṣe ń yí i, ìdọ̀tí ti wọ inú rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò lára okùn pátápátá, mo gbọ́ bí áńpù fúnra rẹ̀ ṣe ń mí. Mo ní kó fi héédìfóònù sí i, torí bí a bá ti kì í bọ̀ ọ́, sípíkà gbọ́dọ̀ dákẹ́ pátápátá. Ẹni tó ń gbé nínú fési-mí-n-fési-ẹ kò gbọ́dọ̀ ra áńpù tí kò ní ojú héédìfóònù, mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Mẹ́ta ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Fender Frontman 10G, wáàtì 10, sípíkà ínṣì 6. Kò ní nǹkan púpọ̀ lára, kò ní ohùn àfarajọ gbọ̀ngán rárá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́, kò sì wọ́n. Bí owó yín kò bá pọ̀, tí iná sì wà níbi tí ẹ ń gbé, ẹ gbé e, ẹ má wẹ̀yìn. Champion 20 ti Fender náà, sípíkà ínṣì 8, nípọn ju ìyẹn lọ, ó sì ní àwọn ohùn àfikún díẹ̀. Bí ẹ bá ní àyè láti fi owó kún owó, ìyàtọ̀ ínṣì méjì yẹn hàn gedegbe lórí okùn ìsàlẹ̀. Boss Katana 50 ni ẹ̀kẹta, sípíkà ínṣì 12. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé a lè fa agbára rẹ̀ wálẹ̀ láti wáàtì 50 sí 25, títí dé ìdajì wáàtì. Ẹni tó bá fẹ́ fi áńpù kan ṣoṣo ṣe ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni kó rà. Owó rẹ̀ ju tèmi lọ.

Áńpù onítúùbù, ìyẹn èyí tó ń lo àwọn gílóòbù gíláàsì bíi ti rédíò àtijọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ilé. Ohùn rẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ kí a yí i sókè kó tó sọ̀rọ̀ dáadáa, wáàtì 5 rẹ̀ pàápàá ń pariwo, túùbù rẹ̀ á sì kú lọ́jọ́ kan.

Olùkọ́ mi ló wá rán mi létí ohun kan. Ó ní, "Mọ́mì, irú orin wo lẹ fẹ́ ta?" Jùjú ni. Gìtá jùjú kì í hó, kì í ya. Ẹni tó bá ti fetí sí gìtá inú orin Olóyè Ebenezer Obey mọ̀ pé ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, tí gìtá kan ń pè, tí àwọn yòókù ń dáhùn, tí ẹnikẹ́ni kò sì bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Gbogbo àwọn kókó tí wọ́n fi ń mú ohùn ya lára áńpù òde òní, mi ò nílò ọ̀kankan. Ohùn mímọ́ ni mo nílò, pẹ̀lú ìdáhùn gbohùngbohùn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Òun ló sọ fún mi nípa ẹnì kan ní Ọbántokò tó fẹ́ ta Roland Micro Cube rẹ̀. Wáàtì 2, sípíkà ínṣì 5, kò tóbi ju agolo garawa kékeré lọ. Ṣùgbọ́n lára àwọn ohùn tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan wà tí wọ́n kọ JC CLEAN sí. Àfarajọ Jazz Chorus ni, áńpù ńlá onísípíkà méjì tí Roland gbé jáde ní 1975, tí gbogbo ayé mọ̀ fún ohùn mímọ́. Ó ní ojú héédìfóònù. Bátìrì AA mẹ́fà sì lè gbé e.

Bátìrì yẹn ló mú mi. Ní àdúgbò wa, bí iná bá lọ ní aago mẹ́sàn-án, ó lè má dé títí di ọ̀la, mi ò sì ní tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìdajì wákàtí gìtá. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní wáyà ilẹ̀ tó péye, nítorí náà áńpù tí a kì bọ ògiri máa ń kùn, tí a bá fi ọwọ́ kan okùn gìtá, ó dákẹ́, tí a bá gbé ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú náà ń mú un kùn. Lórí bátìrì, kò sí ìkùn ògiri mọ́.

Mo yí i wò, ẹ gbà mí gbọ́. Adápítọ̀ tó bá a wá, 120V nìkan ló wà lára rẹ̀, mo ní kó mú un padà. Mo ṣí ilé bátìrì: ọ̀kan lára àwọn sípíríǹgì ti hu nǹkan funfun bí iyọ̀, bátìrì àtijọ́ ló ti ṣomi síbẹ̀. Nítorí ẹ̀ méjèèjì, ó yọ ₦10,000 kúrò, mo san ₦110,000. Nígbà tí mo délé, mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sórí òwú, mo fi rọra nu sípíríǹgì náà, nǹkan funfun yẹn hó díẹ̀, ó sì ṣí kúrò, irin tó mọ́ sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu ún, mo jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni mo ra adápítọ̀ fóòtì 9 tó ní 100–240V lára. Kí ẹ wo àwòrán róbótó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò iná rẹ̀ o: ó ń sọ èyí tó wà ní àárín, bóyá pọ́lọ́ọ̀sì ni tàbí mínọ́ọ̀sì. Ti adápítọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti áńpù mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti jó òmíràn.

Ibi tí a gbé e sí náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Alẹ́ àkọ́kọ́, mo gbé e sórí táìsì nílẹ̀, ní igun ògiri. Ohùn ìsàlẹ̀ wú, bí mo bá sì ti ta ohùn kan pàtó lórí okùn karùn-ún, gíláàsì fèrèsé kan á máa dún gìrì-gìrì. Mo ká àpò àdìrẹ méjì, mo tẹ́ wọn sórí àpótí ìjókòó, mo gbé áńpù lé e, mo fà á kúrò lára ògiri, mo sì dojú rẹ̀ sókè díẹ̀. Ohùn òkè inú sípíkà máa ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ iná tọ́ọ̀ṣì ni. Bó bá wà nílẹ̀, orúnkún wa ló ń gbọ́ ọ. Bó ṣe dojú kọ etí mi báyìí, mo rí i pé mo lè tún yí i wálẹ̀ sí i, mo sì ń gbọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí kò lè ṣe. Bí ẹnì kan bá lu ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tán. Okùn tó nípọn jù kò ní àyà tó bó ṣe ní i lórí Champion yẹn, mo sì máa ń ronú kan sípíkà ínṣì 8 náà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin tí mo ti rà á, bóyá alẹ́ márùn-ún péré ni mi ò tíì ta gìtá. Ìyá ọkọ mi ń sùn. Mo ti mọ gbólóhùn kan nínú ohun tí bàbá mi máa ń fi bẹ̀rẹ̀ eré, ìka kẹrin mi ló kù tí kò tíì gbọ́ràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tí ọjà bá rọlẹ̀, mo máa ń gbé e dání wá sí ìsọ̀ ní Ìtòkú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kó tó ra tirẹ̀, kó gbé gìtá tirẹ̀ dání, kó sì ra bátìrì mẹ́fà bọ̀.